Apòògùn Tí Ó Ń Dúró De Ìbéèrè

Ọkùnrin kan wà ní ìpínlẹ̀ Ohio, ní ilẹ̀ Amẹ́ríkà, tí iṣẹ́ rẹ̀ jẹ́ oògùn títà. Ọmọ Ìkìrun ni. Ifẹ̀ ni ó ti kọ́ bí a ti ń po oògùn òyìnbó, kí ó tó kọjá sí òkè òkun, kí ó tó tún ìdánwò ṣe lọ́hùn-ún, kí wọ́n tó wá gbà á sí ilé ìtajà ńlá kan tí wọ́n ti ń ta oògùn. Ìlú tí ó ń gbé kì í ṣe ìlú ọlọ́rọ̀. Ilé iṣẹ́ táyà ló sọ ọ́ di ìlú. Nígbà tí ilé iṣẹ́ náà kógbá sílé, àwọn ọ̀dọ́ bá ẹsẹ̀ wọn sọ̀rọ̀, ó wá ku àwọn àgbàlagbà. Àwọn ni wọ́n ń tò síwájú káńtà ọkùnrin yìí láti àárọ̀ títí di ìrọ̀lẹ́, tàwọn ti ọ̀pá ìtilẹ̀ wọn, tàwọn ti ìwé tí dókítà kọ fún wọn.

Nígbà tí ó kọ́kọ́ débẹ̀, ẹnu rẹ̀ dá ṣáṣá. Ọwọ́ ìyá ìyá rẹ̀ ni ó dàgbà sí, ó sì mọ bí a ti ń bá arúgbó sọ̀rọ̀ láìkánjú. Ní ọjọ́ kan, bàbá kan wá gba oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru. Bàbá náà ní káàdì àwọn adójútòfò, ìyẹn àwọn tí ènìyàn ń sanwó fún lóṣooṣù kí wọ́n lè bá a gbé nínú ẹrù owó oògùn bí àìsàn bá dé. Kọ̀ǹpútà ka káàdì náà, ó ní kí bàbá san dọ́là méjìlélógójì. Apòògùn wo iye tí wọ́n ń ta oògùn kan náà fún ẹni tí kò ní káàdì rárá. Dọ́là mọ́kànlá ni. Ó rò pé kọ̀ǹpútà ló ṣìṣe, ó tún un wò. Kò ṣìṣe. Àwọn adójútòfò ló ti dá iye tí oníkáàdì gbọ́dọ̀ san, èyí tó bá sì lé, àpò wọn ló ń padà sí. Ó sọ fún bàbá pé kí ó fi káàdì rẹ̀ pamọ́, kí ó san dọ́là mọ́kànlá. Bàbá náà wò ó títí. Ó bọ̀ ọ́ lọ́wọ́, ó sì lọ.

Kò pé ọ̀sẹ̀ kan tí ọ̀gá ṣọ́ọ̀bù fi pè é sí yàrá ẹ̀yìn. Ó gbé ìwé àdéhùn tó wà láàárín ṣọ́ọ̀bù àti àwọn adójútòfò síwájú rẹ̀, ó fi ìka tọ́ ìlà kan. Ìlà náà sọ pé ẹni tó ń ta oògùn kò gbọdọ̀ sọ fún oníbàárà pé iye kan wà tó kéré sí ti káàdì, àfi bí oníbàárà bá fi ẹnu ara rẹ̀ béèrè. Ọ̀gá yìí kì í ṣe ènìyàn burúkú. Ó ní òun pàápàá kò fẹ́ràn rẹ̀, ṣùgbọ́n bí wọ́n bá rú àdéhùn, àwọn adójútòfò yóò kó àwọn oníbàárà wọn lọ sí ṣọ́ọ̀bù mìíràn, ṣọ́ọ̀bù yìí yóò sì kógbá sílé. Lẹ́yìn náà ni ó rán apòògùn létí, pẹ̀lú ohùn jẹ́jẹ́, pé ṣọ́ọ̀bù yìí ló dúró fún un lórí ìwé ìgbélùú rẹ̀.

Ó délé, ó ro ọ̀rọ̀ náà fún ìyàwó rẹ̀. Ìyàwó rẹ̀ gbé oúnjẹ síwájú rẹ̀, ó jókòó tì í.

"Bàbá Ìfẹ́lódún," ni ó wí, "ẹnu àìmẹ́nu, ètè àìmétè, òun ní ń mú ọ̀ràn bá ẹ̀rẹ̀kẹ́. Ẹ jẹ́ ká rí ìwé wa gbà ná."

Ọkùnrin náà kò jiyàn. Ọmọ méjì ló wà ní iléèwé, ilé tí wọ́n ń gbé kò tíì di tiwọn. Ó sọ nínú ara rẹ̀ pé gbogbo ohun tí ojú bá rí kọ́ ni ẹnu ń sọ. Àwọn bàbá rẹ̀ ló sọ bẹ́ẹ̀, kò sì sí ẹni tó lè sọ pé àwọn bàbá rẹ̀ kò gbọ́n.

Láti ọjọ́ náà lọ ni ó ti panu mọ́. Àṣẹ ṣọ́ọ̀bù ni pé kí ó bi oníbàárà kọ̀ọ̀kan pé, "Ṣé ẹ ní ìbéèrè kankan?" Bí wọn yóò ṣe lo oògùn ni àṣẹ náà ń sọ. Ṣùgbọ́n apòògùn sọ ọ́ di àwáwí fún ọkàn rẹ̀. Bí ó bá ti bi wọ́n tán, a máa dúró díẹ̀, inú rẹ̀ a sì máa sọ pé, ẹ ṣáà béèrè. Ẹ béèrè bóyá ó lè dín. Bí wọ́n bá béèrè, àdéhùn kò ní ẹjọ́ tí yóò bá a rò. Ní ọdún mẹ́fà, àwọn tó béèrè kò pé mẹ́wàá. Ta ni yóò rò ó pé ẹni tó ní káàdì ń sanwó ju ẹni tí kò ní lọ? Ẹni tí kò mọ̀ pé ilẹ̀kùn wà lára ògiri kò lè béèrè kọ́kọ́rọ́.

Iṣẹ́ náà sì ń le sí i. Wọ́n dín àwọn òṣìṣẹ́ kù, wọn kò dín iṣẹ́ kù. Òun nìkan ni yóò ka hóró oògùn, òun ni yóò gún àwọn ènìyàn lábẹ́rẹ́, òun ni yóò gbé fóònù, òun ni yóò tún sáré lọ sí fèrèsé tí àwọn tó wà nínú mọ́tò ti ń gba tiwọn. Olú iléeṣẹ́ tó ni ṣọ́ọ̀bù náà ń ka ìṣẹ́jú tó ń lò lórí oníbàárà kọ̀ọ̀kan. Bí ó bá dé iwájú ilé rẹ̀ ní ìrọ̀lẹ́, a máa jókòó sínú mọ́tò fún ìgbà díẹ̀ kí ó tó lè wọlé, nítorí pé ẹsẹ̀ rẹ̀ ti wú nínú bàtà. Ìwé ìgbélùú jáde ní ọdún kẹta. Inú ilé dùn lọ́jọ́ náà. Ó padà síbi iṣẹ́ ní ọjọ́ kejì, ó sì dákẹ́ bí ó ti ń dákẹ́ tẹ́lẹ̀.

Nínú àwọn tó ń wá síwájú rẹ̀ ni ìyá àgbà kan tó ń jẹ́ Odessa. Aláwọ̀ dúdú ilẹ̀ Amẹ́ríkà ni, ẹni ọdún mẹ́rìnléláàádọ́rin. Bọ́ọ̀sì àwọn ọmọ iléèwé ni ó wà fún ọdún mọ́kànlélọ́gbọ̀n kí ó tó fẹ̀yìntì. Ọkọ rẹ̀ ti kú, òun àti àbúrò rẹ̀ obìnrin ló kù tí wọ́n ń wo ojú ara wọn. Ní ìlú yẹn, kò sí ohun tó burú nínú kí ènìyàn pe àgbàlagbà lórúkọ rẹ̀ gan-an. Ẹnu apòògùn kò gbà á. Màmá ni ó ń pè é, ìyá náà sì ń pè é ní ọmọ mi. Kò sí oṣù kan tí ìyá yìí kò ní béèrè àlàáfíà ìyá apòògùn ní Ìkìrun. Nígbà tí ìyá apòògùn kú tí kò sí ọ̀nà fún un láti lọ sin ín, Odessa nìkan ni oníbàárà tó mọ̀. Ó mú kéèkì kan tí ó fi ọwọ́ ara rẹ̀ ṣe wá, ó gbé e lé orí káńtà, ó ní kí ó rí i pé ó jẹun.

Oògùn méjì ni ìyá yìí ń gbà. Ọ̀kan wà fún ẹ̀jẹ̀ ríru, èkejì ni èyí tí kì í jẹ́ kí ẹ̀jẹ̀ dì nínú iṣan. Hóró ọgbọ̀n ni wọ́n ń kà fún un nínú ọ̀kọ̀ọ̀kan, hóró kan lójúmọ́. Tẹ́lẹ̀, bí ọgbọ̀n ọjọ́ bá ti pé, ó ti dé. Nígbà tó yá, ó di ogójì ọjọ́. Ó di àádọ́ta. Kọ̀ǹpútà ń kọ ọjọ́ sílẹ̀, apòògùn sì ń rí i. Ó bi í léèrè bóyá ó ń lo oògùn rẹ̀ bó ti yẹ.

"Mo ń ṣọ́ ọ lò, ọmọ mi," ni ìyá fèsì. "Bí mo bá lo tòní, mo lè fo tọ̀la."

Apòògùn sọ fún un pé kò dára bẹ́ẹ̀, pé ojoojúmọ́ ni oògùn náà ń ṣiṣẹ́. Ìyá ní òun mọ̀. Ó san owó tí káàdì ní kí ó san, ó sì ń lọ. Iye tí ìyá ì bá san láìlo káàdì kò tó ìdá kan nínú mẹ́ta rẹ̀. Apòògùn mọ̀ ọ́n bí ẹni mọ orúkọ ọmọ rẹ̀.

Ní ọdún keje, ìjọba yí òfin padà. Lẹ́tà kan ti olú iléeṣẹ́ wá ní oṣù kẹwàá pé láti ìsinsìnyí lọ, kò sí àdéhùn kankan tó lè pa apòògùn lẹ́nu mọ́. Ẹni tó bá fẹ́ sọ fún oníbàárà pé iye tó kéré wà, kí ó sọ ọ́. Ó ka lẹ́tà náà lórí ìdúró, búrẹ́dì ọ̀sán rẹ̀ wà ní ọwọ́ kejì. Ó fi píìnì kàn án mọ́ ògiri yàrá ẹ̀yìn. Nígbà tí ó jáde, ènìyàn mẹ́tàlélógún ló tò síwájú káńtà, fóònù sì ń ké. Ó sọ fún ara rẹ̀ pé ní ọjọ́ Ajé ni òun yóò bẹ̀rẹ̀.

Ọjọ́ Ajé dé, òṣìṣẹ́ kan kò wá. Ó sún un sí ọ̀sẹ̀ tó tẹ̀lé e. Bí oṣù kan ṣe lọ nìyẹn, bí méjì ṣe lọ. Bí ó bá fẹ́ la ọ̀rọ̀ náà yé ẹnìkan, yóò gba ìṣẹ́jú márùn-ún, àwọn tó wà lẹ́yìn yóò máa kùn. Ohun tí ó ń sọ fún ìyàwó rẹ̀ nìyẹn. Ṣùgbọ́n ohun mìíràn wà nísàlẹ̀ rẹ̀ tí kò sọ fún ìyàwó. Ojú ń tì í. Bí ó bá sọ fún Màmá Odessa lónìí pé owó rẹ̀ lè dín, ìyá yóò bi í pé ìgbà wo ni ó ti mọ̀. Kò sí bí yóò ṣe dáhùn tí yóò fi lè wo ojú ìyá náà mọ́. Nítorí náà, ó ń dákẹ́ lónìí nítorí pé ó dákẹ́ lánàá.

Ìyá wá ní oṣù kẹta ọdún tó tẹ̀lé e. Owó oògùn méjèèjì ti lọ sókè. Obìnrin tó ń gbowó ka iye rẹ̀ jáde. Ìyá wo àpò pépà méjèèjì lórí káńtà, ó ń rò ó. Lẹ́yìn náà ni ó fi ìka kan ti èyí tí kì í jẹ́ kí ẹ̀jẹ̀ dì padà, ó ní kí wọ́n bá òun tọ́jú rẹ̀ di oṣù tó ń bọ̀. Apòògùn wà lẹ́yìn káńtà, ó rí ìka náà.

"Màmá," ni ó wí, "ṣé ẹ ní ìbéèrè kankan?"

Ìyá gbójú sókè. Ó ní ìbéèrè kan. Ó béèrè bóyá ó ń sùn dáadáa, nítorí pé ojú rẹ̀ pọ́n. Apòògùn ní òun ń sùn. Ìyá ní kí ó máa tọ́jú ara rẹ̀. Ó mú àpò kan, ó lọ. Apòògùn dá èkejì padà sórí pẹpẹ, ó pe ẹni tó kàn.

Ọjọ́ mọ́kànlá lẹ́yìn náà ni àbúrò ìyá wá sí ṣọ́ọ̀bù láti wá mọ iye oògùn tí ẹ̀gbọ́n òun ń lò, nítorí pé ilé ìwòsàn ń béèrè. Rọpárọsẹ̀ ti kọ lu ìyá nínú ilé ìdáná rẹ̀. Apá ọ̀tún kò ṣiṣẹ́ mọ́, ẹsẹ̀ ọ̀tún ń wọ́ nílẹ̀. Apòògùn tẹ ìwé tí wọ́n kọ oògùn ìyá sí jáde fún un. Ó parí iṣẹ́ ọjọ́ náà títí dórí ẹni tó gbẹ̀yìn.

Kò sí dókítà kan tó lè búra pé hóró oògùn tó wà lórí pẹpẹ yẹn ni ì bá dá àìsàn náà dúró. Apòògùn mọ èyí ju ẹnikẹ́ni lọ. Ó fẹ́ fi tu ara rẹ̀ nínú, kò rí i gbé mì.

Ní ọjọ́ Àìkú, ó lọ bá ìyá ní ilé ìtọ́jú tí wọ́n gbé e sí. Wọ́n gbé e jókòó sórí àga, wọ́n fi ìrọ̀rí ti apá ọ̀tún rẹ̀. Ẹnu rẹ̀ wọ́ sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ rẹ̀ ṣì já gaara bí ènìyàn bá ní sùúrù fún un. Inú rẹ̀ dùn láti rí i. Ó ní kí ó fa àga. Apòògùn kò jókòó.

"Màmá, iye kan wà tó kéré sí èyí tí ẹ ń san lórí oògùn yín. Mo mọ̀ ọ́n, n kò sọ fún yín."

"Láti ìgbà wo?"

"Ó lé ní ọdún mẹ́fà, mà."

Ni ọkùnrin náà bá bẹ̀rẹ̀ sí í to àlàyé jọ. Ó sọ ti àdéhùn, ó sọ ti ọ̀gá, ó sọ ti ìwé ìgbélùú, ó sọ bí òfin ṣe wà àti bí wọ́n ṣe wá yí i padà. Ìyá gbọ́ gbogbo rẹ̀ dópin. Lẹ́yìn náà ni ó bi í léèrè ohun kan ṣoṣo.

"Nígbà tí mo wá ní oṣù kẹta, ṣé òfin náà ṣì wà?"

"Rárá, mà. Ó ti kúrò láti oṣù kẹwàá."

Ìyá mi orí díẹ̀díẹ̀. Nígbà tí yóò sọ̀rọ̀, ohùn rẹ̀ kò le.

"Ọdún mọ́kànlélọ́gbọ̀n ni mo fi kó ọmọ ọlọ́mọ. Nígbà òtútù, yìnyín máa ń mú kí afárá yọ̀. N kì í dúró kí ọmọ kan béèrè lọ́wọ́ mi bóyá afárá ń yọ̀."

Apòògùn dọ̀bálẹ̀. Ìyá kò mọ ohun tí ìdọ̀bálẹ̀ jẹ́, ó kàn ń wo ẹ̀yìn rẹ̀ nílẹ̀. Ó ní kí ó dìde. Ó ní kí ó lọ sọ fún àwọn yòókù. Ó ní ó ti rẹ òun, òun fẹ́ sùn.

Ní òwúrọ̀ ọjọ́ kejì, apòògùn la ẹnu. Kò rọrùn bí ẹ ti lè rò ó. Àwọn tó tò lẹ́yìn kùn, àwọn mìíràn bínú lọ. Bàbá kan kò gbà á gbọ́, ó ní ìwà jìbìtì tuntun ni. Obìnrin kan gbọ́ iye tí ó ti yẹ kí òun máa san láti ọjọ́ yìí wá, ó sì bú u lójú gbogbo ènìyàn, apòògùn sì dúró gba èébú náà. Fún àwọn kan, kò sí iye tó kéré níbì kankan. Oògùn wọn wọ́n kọjá agbára wọn, òfin tí wọ́n yí padà kò sì dé ọ̀dọ̀ wọn. Ó sọ èyí náà fún wọn, ó wá nọ́ńbà tí wọ́n lè pè fún ìrànwọ́, ó kọ ọ́ sórí àpò. Olú iléeṣẹ́ kọ lẹ́tà sí i pé ìṣẹ́jú rẹ̀ ti pọ̀ jù. Ó rẹ̀ ẹ́ ju ti àtẹ̀yìnwá lọ. Kò rí àlàáfíà ńlá kankan gbà nínú rẹ̀. Ó kàn ń ṣe é.

Ní ìparí oṣù kẹrin, iṣẹ́ kan yọ lójú kọ̀ǹpútà. Ṣọ́ọ̀bù mìíràn ní òdìkejì ìlú ń béèrè fún ìwé oògùn Odessa, nítorí pé ibẹ̀ ni yóò ti máa rà á báyìí, ní iye tó kéré. Apòògùn ka orúkọ náà lẹ́ẹ̀mejì. Òun fúnra rẹ̀ ni yóò fọwọ́ sí i. Ó fọwọ́ sí i.

Ìtàn náà tán. Ìwọ tí mo sọ ọ́ fún, o lè ní o kì í ta oògùn. Òótọ́ ni, o kì í tà á. Ṣùgbọ́n orí àga kan ni o ń jókòó sí, o sì mọ ohun tí ẹni tó wà níwájú rẹ kò mọ̀. O mọ fọ́ọ̀mù tí ì bá tètè mú owó ìfẹ̀yìntì àgbàlagbà kan jáde. O mọ ilé ìwòsàn tí kì í gba kọ́bọ̀ lọ́wọ́ ẹni tó ti lé ní àádọ́rin ọdún. Ó rẹ̀ ọ́, mo mọ̀. Ó rẹ gbogbo wa. N kò sọ pé àárẹ̀ rẹ kì í ṣe òótọ́.

Ohun tí mo ń sọ ni pé, bí ènìyàn bá fi ẹ̀rù dákẹ́, ẹ̀rù lè lọ lọ́jọ́ kan. Ìtìjú ni yóò wá gba àga rẹ̀, ìtìjú kì í sì lọ fúnra rẹ̀. Ní ọjọ́ àkọ́kọ́, ọ̀rọ̀ náà fúyẹ́ bí ìyẹ́. Ọjọ́ kọ̀ọ̀kan tí o bá fi gbé e pamọ́ ń fi kún ìwúwo rẹ̀, títí tí ìwọ pàápàá kò fi ní lè gbé e jáde mọ́. Má ṣe ro ọdún tó ti lọ. Má ṣe ro ojú tí wọn yóò fi wò ọ́. Bí o bá dé ibi iṣẹ́ lọ́la, arúgbó kan yóò dúró níwájú rẹ, kò sì ní mọ ohun tó yẹ kí ó béèrè. Sọ fún un.